Bí A Ṣe Ń Dín Sata Andagi Kí Ó Lè Là Bí Òdòdó

Sata andagi ni ìpápánu dídùn bíi bọ́ǹsì tí wọ́n ń dín ní Okinawa, ní ilẹ̀ Japan. Iná ló ń bà á jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Wọ́n á pò ó dáadáa, wọ́n á wá dá iná ńlá sábẹ́ òróró bí ẹni tó ń dín àkàrà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ara rẹ̀ ti dúdú, inú rẹ̀ ò sì tíì jinná.

Ṣúgà ni àwọn ará Okinawa ń pè ní sata. Andagi sì ni ohun tí a dín nínú òróró. Nígbà tí mo ń gbé ní Naha, olú ìlú Okinawa, ìyá àgbà kan ládùúgbò wa máa ń dín in bí ìgbéyàwó bá ti ń bọ̀. Obaa ni gbogbo wa ń pè é, bí a ṣe ń pe màmá àgbà nílé. Á wé mẹ́ta sínú bébà fún mi, òróró á ti rin bébà náà kí n tó délé. Èèpo rẹ̀ a máa dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu, inú rẹ̀ a rọ̀ bíi kéèkì. Ẹni tó bá ti jẹ bọ́ǹsì wa rí á dá a mọ̀.

Ẹ wá fúláwà 300 gíráàmù, ṣúgà 200 gíráàmù, ẹyin ńlá 3, ṣíbí tíì kan àbọ̀ baking powder, òróró ṣíbí ìjẹun kan àti iyọ̀ díẹ̀. Ṣúgà dúdú tí wọ́n ń fi ìrèké ṣe ní Okinawa ló dùn jù, ṣùgbọ́n ṣúgà pupa ọjà ń ṣe é, funfun náà ń ṣe é. Ẹ má fi omi sí i, ẹ má fi mílíìkì sí i. Ẹyin ti tó.

Ẹ po ẹyin, ṣúgà àti òróró pọ̀, kí ẹ ku fúláwà, iyọ̀ àti baking powder lé e. Ṣíbí igi ni mo fi ń rò ó. Bí ẹ ò bá ti rí fúláwà gbígbẹ mọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá lù ú jù, yóò le. Ẹ bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò gbọdọ̀ ṣàn bíi ti puff-puff.

Òróró wá kàn. Ẹ dà á kó jìn tó ìka mẹ́rin, kí iná kéré, kó gbóná dé nǹkan bíi 160 lórí ìwọ̀n Celsius. Igi súyà gbígbẹ ni mo fi ń dán an wò: ẹ tì í bọ̀ ọ́, kí ìfófòó wẹ́wẹ́ máa yọ lára rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ń hó yaya, ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí iná, kí ẹ dúró. Ẹ má wí pé ẹ ó máa dín in lọ bẹ́ẹ̀. Bí èèpo bá ti le kí inú tó wú, kò ní là mọ́, bẹ́ẹ̀ lílà yẹn gan-an ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín, ìdí nìyẹn tó fi ń dé ibi ìgbéyàwó. Iná tó kéré jù náà, òróró ni yóò máa mu.

Ẹ fi òróró pa ọwọ́, ẹ bù ú, kí ẹ fún un jáde láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e. Ẹ mú ọwọ́ sún mọ́ òróró. Ẹ má jù ú láti òkè. Márùn-ún péré lẹ́ẹ̀kan. Yóò rì, yóò léfòó, yóò sì yí ara rẹ̀ padà. Ẹ má rò ó. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá kó tó pọ́n. Ẹ fi igi súyà gún un, bí kò bá lẹ̀ mọ́ igi, ó ti jinná.

Ẹ tọ́jú díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tíì sanpin gbígbóná, ìyẹn tíì olódòdó jasmine ti Okinawa, ni Obaa fi ń jẹ ẹ́ láàárọ̀.