Bí A Ṣe Ń Ṣe Alágbàwí fún Aláìsàn ní Ọsibítù

Ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, aláìsàn kì í sábà dá lọ sí ọsibítù. Ẹnìkan á bá a lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó bá aláìsàn lọ kì í ṣe ju kó gbé báàgì, kó ra omi, kó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ. Iṣẹ́ alágbàwí ju ìyẹn. Òun ló ń rí i pé ohun tó ń ṣe aláìsàn dé etí dókítà, pé ohun tí dókítà sọ dé ilé, àti pé ìwé kankan kò sọnù lójú ọ̀nà. Ọmọ lè ṣe é, àbúrò lè ṣe é, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì tàbí ará ìjọ náà lè ṣe é, bó bá ṣáà ti ní sùúrù.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ bi aláìsàn ní kọ̀rọ̀: kí ni kí a sọ fún àwọn ará ilé, kí ni kí a fi pamọ́? Àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọmọ ló ń sanwó.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀, ohun tó ń mú un le sí i, àti oògùn tí ara aláìsàn kì í gbà. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú lọ́rà kan, títí kan páálí tó ti ṣófo, títí kan àgbo. Ẹ má tìtorí ìtìjú fi àgbo pamọ́. Ewé mìíràn ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, òmíràn ń ba kíndìnrín jẹ́. Dókítà tí kò mọ̀ lè kọ oògùn tí yóò bá a jà.

Ẹ pe ọsibítù láti mọ ọjọ́ tí kílíníìkì tí ẹ ń lọ máa ń jókòó. Bí ẹ bá ti Bùnú jáde ní ìdájí, tí ẹ wá bá a pé Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ojú ń wá, owó ọkọ̀ ti lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ṣúgà wò láìjẹun, wákàtí mẹ́jọ ni aláìsàn kò ní fẹnu kan nǹkan kan àyàfi omi lásán. Ẹ̀kọ gbígbóná tí a mu láàárọ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Ẹni tó bá ń lo oògùn ṣúgà gbọ́dọ̀ béèrè ṣáájú bóyá kó lò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí oògùn láìsí oúnjẹ lè mú kó dákú lọ́nà.

Níwájú dókítà

Ibí ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Dókítà lè má gbọ́ Yorùbá rárá. Bó bá sì gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ ti Ìbàdàn, kí ó má gbọ́ ti Yàgbà tàbí Bùnú. Ẹ má tú orúkọ àìsàn, ohun tí ara ń rí ni kí ẹ tú. Bí ìyá bá ní “Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe mí,” ẹ bi í: ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde ni? Ṣé nǹkan yọ nídìí? Àbí ẹ̀yìn ló ń ro yín? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni àwọn ènìyàn ń pe gbogbo rẹ̀, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Bákan náà ni “àyà mi ń já”. Ó lè jẹ́ ẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn ń sáré lóòótọ́.

Kí ẹ tó dìde, ẹ sọ pé: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí ẹ gbọ́.” Kí ẹ wá sọ àìsàn náà, oògùn, iye ìgbà lójúmọ́, ọjọ́ tí ẹ ó padà, àti àmì tó yẹ kó gbé yín padà kí ọjọ́ tó pé. Ibi tí ẹ bá ti ṣì í, dókítà á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014 sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú, ewu àti owó rẹ̀ fún aláìsàn, ní èdè tó yé e bó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ̀tọ́ lẹ ń béèrè.

Bó bá di iṣẹ́ abẹ, kí aláìsàn má tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó kà á fún un. Ẹ má bá ẹni tó lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Owó

Ibi tí wọ́n ti ń gbowó nìkan ni kí ẹ ti sanwó, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ fi fóònù yà á. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ìṣòro owó, kó béèrè ibi tí àwọn sóṣíà wẹ́lífíà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń ran aláìní lọ́wọ́, wà ní ọsibítù ńlá. Ẹ tètè lọ, kí gbèsè tó ga.

Ìdílé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ní adójútòfò ìlera (insurance): òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ló kàn. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ni wọ́n ń san. Bí ọsibítù àkọ́kọ́ bá ní kí ẹ lọ síbòmíràn, ẹ gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò yín, kí ẹ tó lọ. Láìsí kóòdù, àpò yín ni yóò san án.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin

Ẹ má kúrò láìgba lẹ́tà. Ẹ wò ó dáadáa: oògùn tí wọ́n ti fún un àti aago mélòó tí wọ́n fún un ní i, èsì àyẹ̀wò, ìdí tí wọ́n fi ń rán an lọ, orúkọ àti ìfọwọ́sí dókítà. Bí aago oògùn kò bá sí níbẹ̀, wọ́n lè tún abẹ́rẹ́ kan náà gún un. Ẹ ní kí wọ́n fi fóònù béèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì wà.

Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, òfin 2014 yẹn kan náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ aláìsàn nítorí ohunkóhun. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì, wà fún ẹni tó bá kọ̀ ọ́. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ olórí lákòókò náà, ẹ kọ aago sílẹ̀. Ariwo kì í ṣí ilẹ̀kùn, orúkọ àti aago tí a kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń fetí sí. Ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀, ọ́fíìsì SERVICOM ló ń gba ẹ̀sùn.

Lẹ́yìn tí ẹ délé

Ẹ gba ìwé ìdásílẹ̀ (discharge) kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ sì ya ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Fún ẹni tí kò lè kàwé, ẹ fi báírò ya oòrùn sára páálí oògùn tí yóò lò láàárọ̀, kí ẹ ya òṣùpá sára ti alẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ka oògùn tó ṣẹ́ kù. Bí iye náà kò bá bá ọjọ́ mu, ẹ bi í pẹ̀lú ìfẹ́ bóyá ó gbàgbé ni, bóyá oògùn náà ń mú inú run ún ni, tàbí ó ń ṣọ́ ọ lò kó má baà tán.