Bí ẹ ṣe lè gbé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín kúrò lórí Windows 10 bọ́ sórí Linux

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10, yàtọ̀ sí àfikún ìgbà díẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ yín ò ní kú, ṣùgbọ́n ihò tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín dí i. Wọ́n ní ká lọ sórí Windows 11, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tokunbọ̀ tá a ń lò kò lè gbà á: ó ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ṣípù ààbò inú ẹ̀rọ, ó sì fẹ́ processor Intel ìran kẹjọ sókè. Ó dùn mí pé ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fẹ́ di ohun àpatì. Ìdí nìyẹn tá a fi gbé ẹ̀rọ mẹ́rin bọ́ sórí Linux Mint, ọ̀kan lára ẹ̀yà Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Bá a ṣe ṣe é rèé.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ gbogbo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má kàn bi wọ́n léèrè o, ẹ jókòó tì wọ́n. Akọ̀wé wa sọ pé Word nìkan lòun ń lò. Ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo rí fáìlì Excel kan tó ń ṣí ní gbogbo òpin oṣù: ó tẹ bọ́tìnì kan, owó oṣù gbogbo wa sì jáde. Macro, ìyẹn àwọn àṣẹ tí Excel ń tẹ̀ lé fúnra rẹ̀, ló wà nídìí bọ́tìnì yẹn, bẹ́ẹ̀ LibreOffice, ètò ìkọ̀wé àti ìṣirò tá a ń lò lórí Linux, kì í lè ṣe gbogbo macro Excel bó ṣe yẹ. Ká ní a ti pa Windows rẹ́ kí n tó mọ̀, a ò ní rí owó gbà lópin oṣù.

Ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ímeèlì, Google Docs àti WhatsApp Web, kò ní wàhálà kankan. LibreOffice á gba ipò Word àti Excel. Ohun tí kò ní arọ́pò gidi ni kẹ́ ẹ ronú lé. CorelDRAW tá a fi ń ya iṣẹ́ ìtẹ̀wé ò ní ẹ̀dà ti Linux. Inkscape tó jọ ọ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti bánà lójoojúmọ́ ò gbọ́dọ̀ máa fi iṣẹ́ oníbàárà kọ́ṣẹ́. Ẹ fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ fún un lórí Windows, kẹ́ ẹ sì já a kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa náà ṣì ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀.

2. Ẹ kó ẹrù yín pamọ́ síbi méjì

Ẹ da gbogbo fáìlì kọ sórí hard disk tó ń gbé kiri, kẹ́ ẹ sì ní ẹ̀dà kejì níbòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé hard disk náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, kẹ́ ẹ ṣí fáìlì bíi mẹ́wàá wò. Ẹ má gbàgbé password tí Chrome ń bá yín tọ́jú, ímeèlì tó wà nínú Outlook, àti kọ́kọ́rọ́ BitLocker, bí Windows bá fi í ti hard disk yín pa.

Fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tá a fi ń kọ̀wé, ni èmi gbàgbé. Ìwé ètò ìsìnkú tá a ti tò sí ojú ewé mẹ́jọ di mẹ́wàá nígbà tá a ṣí i, àwòrán olóògbé sì já bọ́ sí ojú ewé orin. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìdílé náà ń bọ̀ wá gbà á. Tó bá jẹ́ Calibri tàbí Cambria ni ẹ fi ń kọ̀wé, Carlito àti Caladea ni kẹ́ ẹ wá sórí Linux. Ìbú lẹ́tà wọn dọ́gba, ìlà ò ní yẹ̀.

3. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà á wọlé

Ẹ wa Linux Mint sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó súnmọ́ 3GB, nítorí náà ẹ ṣe é lálẹ́ bí dátà bá rọ̀ lọ́rùn nígbà náà. Ẹ mú ẹ̀dà Cinnamon. Bí ẹ̀rọ bá ti rẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà Xfce tó fúyẹ́ jù ú lọ. Rufus, ètò kékeré kan lórí Windows, ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ sórí flash 8GB. Gbogbo ohun tó wà lórí flash náà máa pa rẹ́ o.

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ki flash bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kẹ́ ẹ sì máa tẹ F12 lórí Lenovo tàbí Dell, F9 lórí HP, títí ẹ ó fi lè yan flash náà. Mint á ṣí láti orí flash láìfọwọ́ kan hard disk yín. Ẹ wo Wi-Fi, ẹ gbọ́ ohùn, kẹ́ ẹ sì tẹ ìwé kan jáde lórí printer yín. Printer ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà lọ́nà.

4. Ẹ gbé e wọlé

Bí bátìrì ò bá kún tí kò sì sí UPS, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Kí iná lọ nígbà tó ń pín hard disk, ìyẹn lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ẹ yan pé kí Mint jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows. Tí oṣù kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni ò padà sórí Windows, ẹ lè pa á rẹ́.

Bó bá ti wọlé, ẹ gba gbogbo àtúnṣe, kẹ́ ẹ sì tan Timeshift, kó lè dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà bí nǹkan bá bàjẹ́. Nínú LibreOffice, ẹ pàṣẹ kó máa tọ́jú ìwé ní docx, ìyẹn irú fáìlì Word, kí oníbàárà lè ṣí i. Inú mi dùn jù sí kíbọọ̀dù: ẹ wo abẹ́ Nigeria, Yorùbá wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ, ọ àti ṣ.

5. Ẹ mú àwọn èèyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù fẹ́ jáde. Akọ̀wé wa la fi ṣe ìkẹyìn. A fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún fáìlì owó oṣù rẹ̀ kọ láìsí bọ́tìnì yẹn, a fi í ṣírò oṣù méjì tó ti kọjá, a sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ìgbà tí iye rẹ̀ dọ́gba dé orí kọ́bọ̀ la tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀.