Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń dúdú, kéèkì ni
Ọ̀sán tó bá ti ń rọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹni tó ń tà á kì í fẹ́ gbé èyí tó ti rọ̀ padà sílé, á sì dín owó rẹ̀ kù. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti ní àmì dúdú káàkiri ni mo máa ń ṣà. Bó ṣe ń pọ́n sí i ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà, ṣúgà tí a ó rà á sì dínkù. Àmọ́ bó bá ti ń rùn bí ọtí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ bó mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ wọ́n. Èmi kì í jẹ́ kó kúnná tán, torí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn kí eyín wọn kan kókó díẹ̀. Ẹ po ẹyin 2, ṣúgà gíráàmù 80 àti òróró mílílítà 80 mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tó da fúláwà gíráàmù 200, baking powder ṣíbí kékeré 2 àti iyọ̀ bíńtín sí i. Ibi tó gba ìṣọ́ra nìyí: bí fúláwà funfun ò bá ti hàn mọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Bẹ́ ẹ bá rò ó jù, kéèkì á le.

Ẹ fi òróró pa páànù, ẹ da ohun tẹ́ ẹ pò sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sínú ààrò tó ti gbóná dé 180°C, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Ẹ ki igi tín-ín-rín bọ àárín rẹ̀ wò. Bí nǹkan ò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti jinná.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ́kù, ẹ bó o, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sí fírísà. Omi tó máa jáde lára rẹ̀ bó bá yọ́, ẹ má dà á nù, ẹ pò ó mọ́ kéèkì.