Apá Ibo Ni Inú Ti Ń Yọ Yín Lẹ́nu? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí Oúnjẹ Ṣe Ń Dà

“Inú ń run mí” ni gbogbo wa máa ń sọ, oògùn kan náà la sì sábà máa ń rà sí i. Ṣùgbọ́n láti ẹnu títí dé ìdí, ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà gùn tó nǹkan bíi mítà 9. Iṣẹ́ apá kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àìsàn wọn náà sì yàtọ̀. Ohun tó bá ọ̀fun mu lè ba ìfun jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn pé: ibo gan-an ni, ìgbà wo ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Tí mo bá jẹun alẹ́ tán tí mo dùbúlẹ̀, àyà á máa ta mí, omi kíkan á sì gòkè wá sí ọ̀fun. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà lọ sí àpò oúnjẹ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, iṣan róbótó kan wà tó ń fún ẹnu ọ̀nà náà pa bí okùn ẹnu àpò. Á tú kí òkèlè lè wọlé, á sì tún fún padà. Omi kíkan tó lágbára gan-an ló wà nínú àpò oúnjẹ. Òun ló ń pa kòkòrò tó bá oúnjẹ wọlé, òun ló sì ń jẹ́ kí pepsin, èròjà tó ń da oúnjẹ nínú àpò oúnjẹ, lè gé purotéènì sí wẹ́wẹ́. Ohun yíyọ̀ kan tó nípọn bo ara àpò oúnjẹ látinú kí omi náà má bàa jẹ ẹ́. Ọ̀fun kò ní irú ààbò yẹn. Bí iṣan yẹn bá dẹ̀, tí omi kíkan gòkè, jíjó ni yóò máa jó o.

Ó máa ń tó wákàtí 2 sí 4 kí àpò oúnjẹ tó ṣófo, oúnjẹ ọlọ́ràá sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹun alẹ́ ní nǹkan bíi wákàtí 3 kí ẹ tó sùn, kó má sì pọ̀ jù. Ẹ fi nǹkan gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níhà orí sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ má kàn to ìrọ̀rí lé ara wọn: ìyẹn á ká yín láàárín, á sì fún ikùn pọ̀ sí i. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, torí bí àpò oúnjẹ ṣe tẹ̀ sí òsì, omi rẹ̀ á wà nísàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà ọ̀fun. Sìgá àti ọtí ń jẹ́ kí iṣan náà dẹ̀. Sísanra níkùn ń tì í láti ìsàlẹ̀.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé nǹkan wúwo ló ń tẹ̀ yín láyà, tó ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò yín tàbí tí èémí ń wọ́n yín, ẹ má gbé oògùn inú mì kẹ́ ẹ máa wò ó. Ó lè jẹ́ ọkàn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ata ló dá ọgbẹ́ sí mi nínú. Mo ti fi ata sílẹ̀, síbẹ̀ kò lọ.

Ata lè ta ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dá a. Nǹkan méjì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbẹ́ inú. Àkọ́kọ́ ni bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori. Ìrònú àti omi kíkan nìkan ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń dá lẹ́bi tẹ́lẹ̀, títí Barry Marshall àti Robin Warren fi rí bakitéríà yìí nílùú Perth ní Ọsirélíà níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nígbà tí àwọn èèyàn kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall gbé bakitéríà náà mu lọ́dún 1984. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, àyẹ̀wò sì fi hàn pé àpò oúnjẹ rẹ̀ ti wú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí iṣẹ́ yẹn, torí ọ̀pọ̀ tó rò pé àwọn máa gbé ọgbẹ́ inú dé sàréè ló ti tipasẹ̀ rẹ̀ rí ìwòsàn.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ èémí tàbí ìgbẹ́ yín wò. Bí bakitéríà náà bá wà níbẹ̀, dókítà á fún yín ní oògùn apakòkòrò pẹ̀lú èyí tó ń dín omi kíkan kù, ó sì sábà máa ń jẹ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ lò ó tán. Bí ẹ bá dá a dúró lágbedeméjì, bakitéríà tó kù á kọ́ bí a ṣe ń kojú oògùn náà.

Ìkejì ni oògùn ìrora: aspirin, ibuprofen, diclofenac. Wọ́n ń dín ohun yíyọ̀ tó ń dáàbò bo àpò oúnjẹ kù. Ẹni tó ń lo wọ́n lójoojúmọ́ nítorí oríkèé ríro, tó sì ń wá oògùn ọgbẹ́ inú, ń ya ojú ọgbẹ́ kan náà tó fẹ́ kó jiná. Bó bá jẹ́ dókítà ọkàn ló ní kí ẹ máa lo aspirin, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dá a dúró. Ìgbẹ́ tó bá dúdú bí ọ̀dà tàbí èébì ẹlẹ́jẹ̀ kò ṣeé fi falẹ̀ rárá.

Ìbéèrè: Bí mo bá mu mílíìkì, inú mi á wú, á máa kùn, ìgbẹ́ gbuuru á sì tẹ̀ lé e.

Inú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni èyí ti bẹ̀rẹ̀. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní lactase ló ń gé ṣúgà inú mílíìkì níbẹ̀, ó sì ń dín kù lára ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà kárí ayé. Ṣúgà tí kò dà á fa omi mọ́ra, á dé ìfun ńlá, bakitéríà ibẹ̀ á sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ẹ fi mílíìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ wò ó. Yúgọ́ọ̀tì sábà máa ń rọrùn fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ó ti di ọjọ́ 4 tí mi ò tíì yàgbẹ́. Ṣé kí n lo oògùn tó ń fọ inú?

Láti ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ dé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ara tó dá ṣáṣá lè máa yàgbẹ́, nítorí náà ẹ wo líle rẹ̀ àti bí ẹ ṣe ń fipá tì í jáde ju iye ọjọ́ lọ. Nǹkan bíi lítà 9 omi ló ń wọnú ìfun lóòjọ́, lítà 2 péré ló sì ti ẹnu wọlé. Ara ló tú ìyókù síbẹ̀. Ìfun fa gbogbo rẹ̀ padà, àfi nǹkan bíi mílílítà 100 sí 200. Bí ìgbẹ́ bá ṣe ń pẹ́ tó nínú ìfun ńlá ni yóò máa gbẹ tó. Ẹni tó bá sì ń mú un mọ́ra ń mú un pẹ́.

Ẹ máa jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, torí bí àpò oúnjẹ bá kún, ìfun ńlá máa ń mira. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré. Ẹ fi èso, ewébẹ̀ àti ọkà tí a kò bó kún oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ sì mu omi sí i. Ẹ tún wo oògùn tí ẹ ń lò: codeine, oògùn ìrora kan, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú ń mú kí ìgbẹ́ le. Oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ kò burú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìfun kò nílò fífọ̀ lóṣooṣù. Bí ikùn bá le, tí ẹ ń bì, tí afẹ́fẹ́ pàápàá kò jáde, ẹ má lo oògùn ìgbẹ́ kankan. Ìfun lè ti dí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ń dùn mí.

Òkè ni àbí ìsàlẹ̀? Bó bá jẹ́ lábẹ́ egungun ìhà, lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, òkúta lè wà nínú àpò òróòro, ẹ lọ ṣe àwòrán ikùn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdodo tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún, tí ibà àti àìlèjẹun bá a rìn, ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ń pè ní appendix lè ti wú. Ẹ má jẹ, ẹ má mu, ẹ má lo oògùn ìgbẹ́. Ẹ máa lọ bá dókítà lónìí.