Bí mo ṣe tọpa ọ̀rọ̀ ‘shank’ dé ìdí

Nígbà tí mo ń múra ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogí, shank ló gbà mí lákòókò jù. Ìwé atúmọ̀ èdè ní ẹsẹ̀ ni, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìyẹn ò tó, torí inú ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ làwọn ọmọ ti pàdé rẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹsẹ̀ rárá.

Mo kọ́kọ́ wo ìtàn rẹ̀. Sceanca ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè é, ẹsẹ̀ ló sì ń jẹ́. Leg tó wà lẹ́nu gbogbo wa lónìí, àlejò ni; àwọn ará Scandinavia, ní àríwá Yúróòpù, tó ya wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mú leggr tiwọn dé. Àlejò gbalé, onílé sún sí yàrá kan: ìsàlẹ̀ orúnkún ló kù fún shank. Calf, ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ọ̀dọ̀ wọn náà ló ti wá. Shin ni ọmọ onílẹ̀ bíi ti shank. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní Jámánì ni Schenkel, àmọ́ itan ni wọ́n sábà máa ń fi pè lọ́hùn-ún. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀.

Mo wá gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan lọ. “Ọ̀kún o, ọ̀gá.” “Ọ̀kún, tíṣà.” Ó kó bíìtì dírílì, irin tí wọ́n fi ń lu ihò, jáde, mo mú ọ̀kan. Apá kan lọ́ bí ìgbà tí wọ́n pa okùn, òun ló ń jẹ irin. Apá kejì dán, ó tọ́ gbọọrọ, wọ́n tẹ nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Ibẹ̀ ni ẹnu ẹ̀rọ ń dì mú. Apá dídán yẹn ni shank. Ìwọ̀ ẹja náà ní in, láti ojú tí a ń so okùn mọ́ títí dé ibi tó ti tẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń fi pe ọ̀bẹ àfọwọ́rọ. N kò kọ ìyẹn sójú pátákó.

Ọba Edward Kìíní, tó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1272 sí 1307, ni mo fi kún un: Longshanks, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ni ìnagijẹ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí sàréè rẹ̀ ní 1774, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 2.

Mo gbé bíìtì àti ìwọ̀ sórí tábìlì, mo ní káwọn ọmọ fọwọ́ kan shank wọn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀kan sì yọ kọ́kọ́rọ́ ilé wọn lápò, ó fi ti ìyẹn náà hàn mí.