Ẹ Má Fi Garawa Aláwọ̀ Mẹ́ta Bẹ̀rẹ̀: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Ọ̀dọ́ Nípa Pàǹtírí

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, bó ṣe rí gan-an ni mo sì fẹ́ sọ ọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àwọn ènìyàn máa ń wá sọ fún mi pé àwọn ti rí owó díẹ̀, àwọn fẹ́ kọ́ ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì bí a ṣe ń dín pàǹtírí kù. Inú mi á dùn, àfi bí wọ́n bá ka ohun tí wọ́n fẹ́ rà.

1. Ríra garawa kí ẹ tó mọ ibi tí ohun inú rẹ̀ ń lọ. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á kun garawa mẹ́ta ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ya fọ́tò. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan, odindi sáà làwọn ọmọ fi ń ya ike, bébà àti èèpo oúnjẹ sọ́tọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan padà wá mú ìwé tó gbàgbé, ló bá rí ẹni tó ń tọ́jú ọgbà tó ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kòtò kan náà, ó sì ṣáná sí i. Ọmọ náà bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí la wá ń yà á sọ́tọ̀ fún?" Ẹni tó dáná sun ún kò jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó sọ ibòmíràn tó lè kó o lọ fún un. Èéfín ike yẹn, ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ kan náà ló ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tó ń ra ike àti irin àlòkù kiri àdúgbò. Ẹ bi wọ́n: irú ike wo ni wọ́n ń gbà? Kílò mélòó ló gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó wá? Ṣé tòun ti ìdérí ni? Ìgò omi oníke fúyẹ́. Ó máa ń tó 40, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀, kí kílò kan tó pé. Ibi tí ẹ máa kó o pa mọ́ sí ló ṣe kókó, àpò ìrẹsì sì ti tó. Ìdérí kì í ṣe irú ike kan náà pẹ̀lú ara ìgò. Ẹ gé ara ìgò díẹ̀, ẹ jù ú sínú omi pẹ̀lú ìdérí lójú àwọn ọmọ: ara ìgò á rì, ìdérí á léfòó. Wọn ò ní gbàgbé ìyẹn.

2. Pípín píọ̀ wọ́tà níbi ètò náà. Ẹ gbé kúlà àti kọ́ọ̀pù wá.

3. Kíkọ déètì sára báńnà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ó lò ó.

Ti ààtàn tí a fẹ́ sọ di ajílẹ̀ náà ńkọ́? Wọ́n á da èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ, á máa rùn, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á ní kí wọ́n kó o kúrò. Òórùn yẹn ń sọ pé ó tutù jù, afẹ́fẹ́ kò sì ráyè wọlé. Ewé mángòrò gbígbẹ kò wọ́n nílùú yìí: ìwọ̀n ewé gbígbẹ mẹ́ta sí ìwọ̀n èèpo tútù kan, kí ẹ sì máa rú u pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi ẹran tàbí ẹja sí i, eku á dé. Ẹ ki irin bọ àárín rẹ̀, ẹ fà á yọ, kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná, iṣẹ́ ń lọ.

Ẹ dákun, ẹ yé bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òkè òkun ni wọ́n ti kó ọgbọ́n yìí wá. Ewé la fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ rán wọn lọ bi ìyá àgbà wọn ohun tí wọ́n máa ń gbé lọ sí Ọjà Jagun láti fi ra epo àti iyọ̀ kí ọ̀rá tó gbòde, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wá. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.