Bí mo ṣe ní èèyàn mẹ́rìnlá lábẹ́ mi láì lé ẹnikẹ́ni kiri

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa ní Àpáta, n'Ìbàdàn, tó máa ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá kó má baà pàdé mi. Ọjọ́ tí mo ń da omi nù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni a ṣe kòńgẹ́ ara wa. Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó ní, "Ìyá Tóbi, ẹ má bínú o, mi ò tíì rówó ọjà yín yẹn." Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì la ẹnu mi. Ẹ kú iṣẹ́ lásán ni mo fẹ́ kí i.

Onídìrí ni mí. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni oníbàárà mi kan mú mi wọ iléeṣẹ́ kan tó ń ta ọṣẹ ìfọyín, ìpara irun àti tíì alágbo. Wọn kì í gbé ọjà wọn sí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹnu àwa èèyàn ni wọ́n fi ń tà á. Ẹni tó bá tà á jèrè lórí ohun tó tà, bó bá sì mú ẹlòmíràn wọlé, yóò tún rí díẹ̀ lórí ohun tí onítọ̀hún bá rà. Ẹni tó múni wọlé là ń pè ní upline, ẹni tí a mú wọlé ni downline. ₦15,000 ni mo fi forúkọ sílẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí upline mi fún mi ni pé kí n kọ orúkọ ọgọ́rùn-ún èèyàn tí mo mọ̀. Mo kọ ọ́: ẹbí, ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ irun, títí kan ẹni tó ń ta kẹrosíìnì fún mi. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí WhatsApp, pé ṣé wọ́n á fẹ́ owó tó máa kún owó oṣù wọn. Kí n má dárúkọ ọjà o. Kí n ṣáà pè wọ́n wá sí ìpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́jọ́ Sátidé. Mo ṣe é bó ṣe wí. Láàárín oṣù méjì, èèyàn mọ́kànlá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ní ìpàdé, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Àbúrò ìyá mi ni, àánú mi ló sì ń ṣe é.

Pé wọ́n lọ kọ́ ló dùn mí jù. Ìyá Ìbejì tó ń ta ata lójú ọ̀nà wa fi ₦15,000 wọlé nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́, kò sì rí ju ọṣẹ ìfọyín mẹ́rin tà. Àwọn yòókù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò bínú sí mi rárá. Bí mo bá lọ ra ata, èènì rẹ̀ kò dín. Èènì yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Ìyá ìyá mi, ará Iléṣà, ọmọ òṣómàáló ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú ni, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á wá máa padà wá gbowó díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Òṣó yẹn ni gbogbo ayé rántí. Ṣùgbọ́n màmá máa ń sọ fún wa pé bàbá òun mọ orúkọ àwọn ọmọ inú ilé tó ń tajà fún, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń kórè kòkó, kì í sì í gbé aṣọ olówó ńlá wọ ilé tí apá wọn kò ká a. Ta ló ń tàwìn fún ẹni tí kò mọ̀? Èmi wá ń tajà fún ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti béèrè àlàáfíà àwọn mìíràn nínú wọn kẹ́yìn.

Àwọn mẹ́wàá tó lọ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mi ò kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ọjọ́ Ajé ni mo ń lọ sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò gbé báàgì ọjà dání. Mo bẹ̀ wọ́n, mo jókòó, a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí ọjà bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo rà á padà ní iye tó rà á. Àwọn mẹ́rin ni, gbogbo rẹ̀ sì gba ₦38,500 lọ́wọ́ mi, owó tí mo ti ń tù jọ láti fi ra ẹ̀rọ ìgbẹrun tuntun. Upline mi ní orí mi ti dàrú. Ìyá Ìbejì ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé ẹ tún fẹ́ kí n wọ òmíràn ni?"

Mo ní rárá o. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Oṣù Kejìlá ọdún 2016, tí kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí Kérésìmesì, ni MMM, ètò tó ṣèlérí èrè ńlá fún ẹni tó bá fi owó sínú rẹ̀, tì owó àwọn èèyàn mọ́lé káàkiri Nàìjíríà. Láti ìgbà yẹn, bí èèyàn bá ti ní "ẹ mú ẹni méjì wá", etí olúwarẹ̀ á ti di.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi pa ẹnu mọ́ nípa ìforúkọsílẹ̀. Ọjà nìkan ni mo ń tà, àwọn tó ń wá dirun ni mo sì ń tà á fún. Ẹni tó bá fẹ́ irun alátáṣì wẹ́wẹ́ á jókòó níwájú mi fún wákàtí mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún. Tẹ́lẹ̀, wákàtí mẹ́rin yẹn ni mo fi ń ro ẹjọ́ iléeṣẹ́ mi. Mo wá yí i padà, àwọn ni mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Mo ra ìwé kan, mo fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀: ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe WAEC, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn n'Ísẹ́yìn, ẹni tí ìpara olóòórùn dídùn máa ń yún lórí, ọjọ́ tí ọṣẹ tó rà yẹ kó tán. Wọ́n máa ń sọ pé orí ẹni pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó ń gbowó kiri tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ tí kì í ṣi ti ẹnì kan fún ẹnì kejì. Orí tèmi kò pé tó bẹ́ẹ̀. Mo ń kọ ọ́.

Olùkọ́ kan wà lára wọn, àǹtí olùkọ́ ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní bí òun bá ti ń fọyín báyìí, ẹ̀jẹ̀ ni. Ká ní ọdún tó ṣáájú ni, mo ti fa ọṣẹ yọ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ fi eyín náà hàn àwọn oníṣègùn eyín, pé ọṣẹ lè fọ eyín mọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀. Ó lọ sí UCH, wọ́n ha ìdọ̀tí tó ti le mọ́ ọn léyín kúrò. Nígbà tó padà wá dirun, ó ní wọ́n sọ pé ọṣẹ tó bá ṣáà ti ní fluoride ló dára, pé tèmi ńkọ́? Àwa méjèèjì dorí kọ páálí náà, à ń wá a. Ó wà níbẹ̀. Ó ra méjì. Oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà ló bi mí pé báwo ni èmi fúnra mi ṣe ń rí i rà.

Ibẹ̀ ni òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ dòní ti wá: ẹni tí kò bá tíì fi owó ara rẹ̀ ra ọjà lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta, tí kò sì fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè, mi ò ní bá a sọ ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀. Bó bá wá béèrè, bébà ni mo máa mú. Mo kọ oṣù Kẹta ọdún 2025 sílẹ̀ fún àǹtí olùkọ́ bó ṣe rí gan-an. Mo ta ọṣẹ ìfọyín 46, èrè ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦700, gbogbo rẹ̀ ₦32,200. Owó ọkọ̀ lọ sí ibi tí a ti ń gbọjà ní Bódìjà, ₦6,400. Dátà, ₦3,500. Ó ku ₦22,300. Ó ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?" Mo ní òun náà nìyẹn, pé èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lábẹ́ mi wá kò ṣeé fi san owó iléèwé ọmọ, nítorí ó ń lọ sókè sódò. Ó ní kí n jẹ́ kóun lọ bá ọkọ òun sọ ọ́. Mo ní kó mú bébà náà dání. Ó padà wá lọ́jọ́ kẹrin.

Àbúrò mi tó kàwé òfin ló tún là mí lójú. Ó ní ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1979, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọ̀ràn òwò, dájọ́ pé òwò Amway, iléeṣẹ́ tó ń fi ẹnu èèyàn tajà bíi tiwa, kì í ṣe irú èyí tó jẹ́ pé owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni àwọn tó wà lókè ń jẹ. Lára ohun tó gbà wọ́n sílẹ̀ ni òfin mẹ́ta tí wọ́n fi de àwọn tó ń bá wọn tajà. Èèyàn gbọ́dọ̀ ti ta ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà tó rà kó tó ra òmíràn. Ó gbọ́dọ̀ tà fún oníbàárà mẹ́wàá, ó kéré tán, lóṣù. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ kúrò, ẹni tó mú un wọlé gbọ́dọ̀ ra ọjà tó ṣì dára lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Mo pariwo nígbà tó ka ẹ̀kẹta. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ní orí mi dàrú nìyẹn! Mo mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lò láàárín àwọn tèmi, àfi pé mo dín oníbàárà mẹ́wàá kù sí márùn-ún, nítorí mẹ́wàá le fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mìíràn.

Mo ṣí gúrúùpù WhatsApp fún wa, mo sì tún tì í pa. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Ìpè ni mo ń pe kálukú wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti bàjẹ́ náà wà. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn, tó ń tà ju gbogbo wa lọ, sọ fún bàbá arúgbó kan pé kó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì, kó máa mu tíì wa. Ọmọ bàbá ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú obìnrin náà dé ilé bàbá. Mo fi ìkọ̀wé wínníwínní tó wà lára páálí hàn wọ́n, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa tíì náà wò. Mo dá owó wọn padà, mo bẹ bàbá kó padà sídìí oògùn tí dókítà fún un. Obìnrin náà ní mo dójú ti òun lójú àwọn èèyàn. Ó kúrò, ó kó ẹni mẹ́ta lọ, owó tó ń wá sọ́dọ̀ mi láti ara wọn sì já láti ₦21,400 sí ₦9,850 lóṣù kan. Mi ò lé e. Mo gbà pé ó yẹ kí n ti pè é sẹ́yìn bá a sọ ọ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyẹn ṣì ń dùn mí. Ọmọ bàbá náà kì í kí mi dòní.

Mẹ́rìnlá ni àwọn tó wà lábẹ́ mi báyìí, àǹtí olùkọ́ ló sì mú márùn-ún wá nínú wọn. Ìyá Ìbejì kò forúkọ sílẹ̀ mọ́, ó ní ata tó òun. Ṣùgbọ́n ó máa ń na ọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi fún àwọn tó ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àǹtí olùkọ́ mú ẹnì kan wá, pẹ̀lú ₦15,000 lọ́wọ́. Oṣù ti fẹ́ parí, upline mi sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí point tó kù kí òǹkà ọjà oṣù náà tó pé. Mo ṣí ìwé mi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lobìnrin náà ti ra ọṣẹ. Mo ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀ bó bá ṣì wù ú. Ó wo àǹtí olùkọ́, ó wò mí, ó dá owó rẹ̀ padà sínú pọ́ọ̀sì, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n kúkú bá òun dirun.